Aránṣọ Tó Fi Ẹsẹ̀ Purọ́

Ẹnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń purọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló fi pa tirẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ló sì fi pa á, lórí ìjókòó.

Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì tó fi ń gé aṣọ, dígí gígùn kan tó ti sán ní igun, àti ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ kọjá kèrémí. Bí oníbàárà bá ní ṣòkòtò fún òun ní ìdí, á ní ṣòkòtò kò ṣe nǹkan kan, ìdí oníbàárà ni kí wọ́n lọ tún ṣe.

Dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó máa rìn dáadáa. Nítorí náà ni ó ṣe wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń rìn lórí fóònù.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Fóònù á máa ka ìṣísẹ̀ rẹ níbikíbi tí o bá ti ń rìn. Lójú fóònù náà ni àwòrán etíkun gígùn kan wà, etíkun tó wà lóòótọ́, ọ̀ọ́dúnrún máìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí o bá rin máìlì kan ládùúgbò rẹ, ìlà pupa rẹ á sún síwájú ní máìlì kan létí òkun. Ẹni tó bá dé òpin, wọ́n á fi mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, ránṣẹ́ sí i.

Márùn-ún ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ náà: aránṣọ yìí, nọ́ọ̀sì kan, obìnrin kan tó ń tàwé, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti alágbàfọ̀ kan. Wọn kò mọ ojú ara wọn rí. Ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn láràárọ̀, wọ́n á kíra, wọ́n á fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dọ̀rẹ́. Wọ́n ṣàdéhùn pé bí oṣù mẹ́rin bá pé, àwọn á pàdé létí òkun náà gan-an, àwọn á sì jọ fi ẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́wàá tó kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kìíní, aránṣọ rìn. Ó dé ìkóríta, oòrùn mú un, ó padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbàgbé fóònù sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tó ń ránṣọ. Nígbà tó máa yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, fóònù ti ka bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò lórí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìrìn. Ẹni tí ojú ń tì á rẹ́rìn-ín, á sì gbàgbé rẹ̀. Òun kọ́. Ó gé rọ́bà tí wọ́n ń rán sí ìdí ṣòkòtò, ó fi so fóònù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di arìnrìn-àjò.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí ẹsẹ̀ náà.

“Kí lẹ so mọ́bẹ̀ yẹn?”

“Ìlera ni.”

“Ìlera yín ni àbí ti ẹ̀rọ?”

Aránṣọ ń rán etí aṣọ kan lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó ń gun òkè kan lọ́wọ́ létí òkun.

Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Irin. Ó gba orúkọ náà tayọ̀tayọ̀, ó wá ń kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń mí tí wọ́n bá ń gun òkè. Kódà ó ń fi ohùn ránṣẹ́ láti “ojú ọ̀nà”, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ní òjò ń pa òun, ṣùgbọ́n òun ò ní padà. Mo kórìíra irú ọkùnrin yìí, n kò ní fi bò.

Alágbàfọ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Ó ju aránṣọ lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, orúnkún rẹ̀ kan kò sì dá láti kékeré. Ẹsẹ̀ náà ló fi ń gbé aṣọ tó ti lọ̀ kiri ilé àwọn oníbàárà rẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló rìn, ìlà rẹ̀ ló sì kúrú jù. Aránṣọ sọ ọ́ ní Ẹ̀gbọ́n Ìgbín, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, á ní, “Ẹ máa lọ o, Ìgbín ń bọ̀. Jésù á bá wa rìn lónìí.” Aránṣọ kì í jẹ́ kí ohùn náà dé ìparí tó fi ń pa á.

Mẹ́dà aránṣọ dé. Ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí kí oníbàárà lè máa rí i. Mẹ́dà ìrìn-àjò, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò kúrò lórí àga.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n dé ilé kan létí òkun, wọ́n rí ojú ara wọn. Nọ́ọ̀sì wo aránṣọ láti òkè délẹ̀.

“Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, ikùn yín yìí ò jọ ti arìnrìn-àjò o.”

“Òde lẹ̀ ń wò,” ló wí. “Inú ni irin wà.”

Bàtà rẹ̀ tuntun débi pé bébà ilé ìtajà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wọ mẹ́dà náà sábẹ́ ẹ̀wù. Ó gbé e wá síwájú àwọn tó rìn ní tiwọn.

Obìnrin onílé kìlọ̀ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ọ̀nà náà gba abẹ́ òkè kọjá fún máìlì méjì, pé tó bá ti di ọ̀sán, omi òkun á kún, á sì bo ibẹ̀ pátápátá. “Ẹ má dúró níbẹ̀,” ló sọ. “Ibi tó wù yín lẹ lè sinmi sí, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀.”

Kí wọ́n tó rin máìlì méjì, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-Irin ti bó. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà abẹ́ òkè, kò lè mí mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

“Ẹ̀yin ẹ máa lọ. Èmi á dúró ti Ẹ̀gbọ́n Ìgbín. Kò dáa ká fi àgbà sílẹ̀ nìkan.”

Àwọn mẹ́ta yòókù kí i pé ó ṣeun, wọ́n sì lọ. Ó fi orúnkún tó ń dun ẹlòmíì bo ìtìjú tirẹ̀, wọ́n sì tún yìn ín fún un. Alágbàfọ̀ kàn ń rìn lọ ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Lábẹ́ òkè náà, iṣan ẹsẹ̀ aránṣọ fà, ó sì ṣubú. Ó gbìyànjú láti dìde lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣeé ṣe. Apá ọ̀tún, àpáta tí ènìyàn kò lè gùn. Apá òsì, omi, ó sì ti ń fọwọ́ kan ojú ọ̀nà.

Ìdajì máìlì ló kù kí ọ̀nà tún gòkè. Bí alágbàfọ̀ bá dá lọ, á jáde. Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì di ẹ̀wù alágbàfọ̀ mú gírígírí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀.”

Alágbàfọ̀ wo omi, ó wo aránṣọ. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún burúkú yẹn.

“Wá, jẹ́ kí n pọ̀n ẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ìgbín ṣe pọn Ẹlẹ́sẹ̀-Irin bí ọmọ ọwọ́, mẹ́dà sì ń lù ú lẹ́yìn. Omi dé kókósẹ̀, omi dé ìbàdí. Fóònù alágbàfọ̀ yọ̀ bọ́ láti àpò àyà rẹ̀, òkun gbé e lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó rí i pé wọn ò ní lè dé òpin, ó wá ibì kan tí àpáta yọ jáde bíi pèpéle, ó ti aránṣọ sókè síbẹ̀. Ìgbì lù ú kó tó gùn. Aránṣọ di ìgbànú rẹ̀ mú, ó sì fà á sókè. Ọwọ́ rẹ̀ lágbára, ẹsẹ̀ ni kò ní.

Wọ́n jókòó níbẹ̀, omi ń gòkè bọ̀. Ó wá ń fọ bàtà wọn. Ẹ̀rù ba aránṣọ. Kì í ṣe ikú nìkan ló bà á lẹ́rù. Ó ronú pé bí wọ́n bá rí òkú òun, wọ́n á rí mẹ́dà yìí lọ́rùn òun, wọ́n á sì máa sunkún pé akọni arìnrìn-àjò kú.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “mi ò rìn ín.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

“Pé o ò rìn ín. Láti oṣù kìíní ni mo ti mọ̀. O fi ohùn ránṣẹ́ pé ò ń gun òkè nínú òjò, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ wa nìyẹn. Kò sí bó ṣe lè dún tí mi ò ní mọ̀ ọ́n.”

Aránṣọ kò lè wo ojú rẹ̀. “Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn?”

“Tí mo bá sọ, wọ́n á lé ẹ. Mo fẹ́ kí o wá. Mo ń retí kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi.”

Ọkùnrin yìí tó ti pè é ní Ìgbín fún oṣù mẹ́rin bú sẹ́kún. Kò sí ohun tó mú un sunkún rí tó èyí, pé ẹnì kan ti mọ òun dé ìdí, kò sì kọ òun.

“Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀,” ni alágbàfọ̀ sọ. “Jésù ti ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ yẹn láti ọjọ́ tó o ti ń purọ́ fún ara rẹ. Ó mọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó wá. Kò dúró síbi tó gbẹ kó máa pè ẹ́ pé kí o rìn wá. Ó sọ̀ sínú omi. Lórí àgbélébùú, omi yẹn, ìyẹn ìyà ẹ̀ṣẹ̀ wa, bò ó mọ́lẹ̀ kó má baà bo ìwọ. Ṣó o gbọ́?”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ohun tó o sọ fún mi, sọ ọ́ fún òun náà.”

Àdúrà náà kò gùn. “Olúwa, mi ò rìn ín. Mi ò rin èyíkéyìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pọ̀n mí.” Láti oṣù mẹ́rin, ìyẹn ni òótọ́ kejì tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, alágbàfọ̀ ló sì gbọ́ èkíní.

Omi kò gòkè ju ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó fà, wọ́n sì fara ti ara wọn jáde.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, aránṣọ bọ́ mẹ́dà, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

“Ọjọ́ tẹ́ ẹ ní òjò ń pa yín lórí òkè, mo gbàdúrà fún yín kí n tó sùn.”

“Etí aṣọ ni mò ń rán, mà. Ẹ dárí jì mí.”

Nọ́ọ̀sì dìde, ó fi yàrá sílẹ̀. Oṣù kan kọjá kó tó tún kí i. Mẹ́dà wà lórí tábìlì di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó gbé e. Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀, gbogbo máìlì tó rìn ti bá fóònù lọ, mẹ́dà kankan kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé. Kò mẹ́nu kàn án. Ó ń jẹun.

Nígbà tí aránṣọ padà sílé, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jáde lọ rìn. “Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. Rọ́bà yẹn, ó rán an sí ìdí ṣòkòtò oníbàárà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ lo ti ń fi aránṣọ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀, èmi náà fi í rẹ́rìn-ín. Ó yá, gbé ẹsẹ̀ tìrẹ sókè ká wò ó.

Ogún ọdún lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ìwọ àti fìlà tàbí gèlè rẹ. O mọ orin, o mọ ìgbà tí wọ́n ń dìde. Wọ́n ti fi ọ́ joyè. Àwọn ènìyàn ń sọ pé bíi tìrẹ ni káwọn ṣe ń bá Ọlọ́run rìn, o sì ń mi orí. Arákùnrin, arábìnrin, ìjókòó lo wà. Ẹsẹ̀ rẹ ń lọ sókè sódò, o ò tíì kúrò lójú kan. Ìyàwó tàbí ọkọ rẹ mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ mọ̀. Ó sì dájú pé Ẹni tó dá ọ ń gbọ́ ẹ̀rọ náà.

Omi ń bọ̀. Kò ní béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ tàbí ohun tó wà lọ́rùn rẹ. Má sọ pé ọ̀la. Aránṣọ náà kò jẹ́wọ́ títí omi fi dé bàtà rẹ̀.

Sọ ọ́ lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí: Olúwa, mi ò rìn ín. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì tíì lọ. Ó ti lóṣòó síwájú rẹ, ó ń wojú rẹ pé kí o gun òun lẹ́yìn.