Oko Etílé Làmídì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Làmídì kó ọ̀wẹ̀ lọ sí oko etílé, ẹ̀rù ba Mùjíbátù aya rẹ̀ débi pé kò lè gbé oúnjẹ sẹ́nu. Ọdún 1936 ni. Kòkó wọ́n bí ojú. Ní gbogbo abúlé ẹ̀yìn Lálúpọn, àgbẹ̀ ń ra sányán, wọ́n ń kan páànù sórí ilé, wọ́n to àpò kòkó gèlètè sí ìdí rélùwéè. Kòkó ti gba gbogbo ilẹ̀ oko. Oko etílé tí wọ́n ń gbin iṣu jíjẹ sí nìkan ló kù.

Mùjíbátù sáré bá wọn níbẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Fàtáì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ibí. Ohun tí àwọn ọmọ ń jẹ nìyí.”

“Owó kòkó á ra iṣu.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i. Bí kòkó bá wọ́n, tolórí tẹlẹ́mù a gbìn ín. Bó bá di ọdún méje, mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ a so pọ̀, owó a já. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́dún tí ẹ gbé mi níyàwó. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́dún tí a sin àbúrò Fàtáì. Ó tún ti pé!”

Àwọn ọlọ́wẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí i, ẹ̀rù pọ̀ nínú ìbínú náà, ó bá figbe ta: “Ẹni tó bá gbin kòkó síbi iṣu, ebi á wọlé rẹ̀!”

Ẹ̀rín dá. Baba Ọláníyì, àgbà inú wọn, ju àdá sílẹ̀.

“À á ti gbọ́? Èpè nìyẹn.”

Háà, ọmọ aráyé! Làmídì gbin kòkó náà síbẹ̀. Kí ọdún kejì tó parí, owó kòkó já wálẹ̀ gbì, òjò náà sì fà sẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta ni wọ́n ń wú jẹ. Nígbà tí ọmọ-ọmọ Baba Ọláníyì kú, wọn ò bi Mùjíbátù bó ṣe mọ̀. Baba ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí.” Kò sẹ́ni tó tún kí i mọ́. Làmídì pàápàá ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ti hú kòkó oko etílé, tí iṣu ti padà síbẹ̀, kòkó tún wọ́n. Fàtáì, tó ti di baálé ilé, pọ́n àdá rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún wá kúnlẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ ṣàdúà fún wa. A fẹ́ gbin kòkó sí oko etílé.”

Mùjíbátù wo oyún náà. Ó ka ọdún méje sínú, ó ka mẹ́jọ. Ó la ẹnu, ó rántí ẹní tí wọ́n ká, ó pa á dé.

“Ọlọ́run á jẹ́ kó so,” ló wí.