Omi Orúkọ Bàbá

Àkọ́bí ṣí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ó ń wò ó bó ṣe ń ya lọ sínú gọ́tà. Inú rẹ̀ dùn. "Kó máa sanwó lọ," ló ń sọ sínú.

Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀, awakọ̀, ti kó ẹrù jáde lọ bá obìnrin mìíràn ni inú ọmọ yìí ti ń ru. Kò gbàgbé ohun tí ọkùnrin náà sọ lẹ́nu ọ̀nà: "Orúkọ mi ló wà lórí omi ilé yìí o, ẹ má fi ṣòfò." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lorúkọ ló ni gbèsè. Bí ìyá rẹ̀, alágbàfọ̀, bá ti gbé aṣọ oníbàárà jáde báyìí, Àkọ́bí á lọ ṣí ẹ̀rọ. Àgbà ní bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ọmọ yìí gbẹ́ tiẹ̀ kan omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ rẹ aṣọ ìyàwó funfun kan sínú ọṣẹ. Kó tó ṣan án, omi dá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ti wá já a níta nítorí gbèsè. Ìyá pe bàbá lórí fóònù, bàbá sì wá tìjàtìjà.

"Mo ti san tèmi nínú owó omi," ló wí. "Ìdajì-ìdajì la jọ fẹnu kò sí, tìẹ ni wọn ò rí. Ṣé o rò pé mi ò rí bí owó náà ṣe ga tó ni? O ń da omi nù láti fi jẹ mí níyà, ó wá yí padà sórí rẹ."

"Bàbá Àkọ́bí," ni ìyá wí, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, "omi tí mo fi ń jẹun ni màá wá dà nù?"

Ìdajì. Àkọ́bí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò gbọ́ ọ rí. Bó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ni yóò máa jẹ́ ìkà lójú bàbá títí. Bó bá sọ̀rọ̀, bàbá tó kórìíra yìí náà ló máa jàre.

"Èmi ni mò ń ṣí i, Màmá. Bàbá ni mo fẹ́ kó jìyà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìyá ò lù ú. Ó na garawa sí i. "Kànga wà ní òpópónà kejì. Máa pọn omi bọ̀."

Kó tó pọn dé, oníbàárà ti wá kó aṣọ rẹ̀ tòun ti ọṣẹ, ó ní òun ò ní padà wá mọ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àkọ́bí da omi títí, ilẹ̀ gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ tẹ̀. Inú ṣì ń bí i sí bàbá rẹ̀, kò sì purọ́ pé inú ò bí òun. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ wàyí pé bí tọkọtìyàwó bá tilẹ̀ pínyà, gbèsè ilé ò bá wọn pínyà. Ẹni tó bá ju òkò sí ọ̀kan nínú wọn, orí àwọn méjèèjì ló máa bà.