Kókó Inú Àbẹ̀ní

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Àbẹ̀ní dúró gbagidi níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Fẹ́hìntọ́lá tó jẹ́ mẹkáníìkì ní ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó fi ikùn lélẹ̀, kò sì lọ mọ́. Láoyè tó ni ín bẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ pa á lórí, ó tún jágbe mọ́ ọn. Àbẹ̀ní kàn mí kanlẹ̀ ni.

Ọkọ̀ ni Àbẹ̀ní o, kì í ṣe ènìyàn. Ní ìgbà tí à ń wí yìí, àwọn ọmọ-ọmọ wa ti di arúgbó, kò sì sí ẹni tó ń fi irin ṣe ọkọ̀ mọ́. Ilé ìhùkọ̀ ni wọ́n ti ń gbin ọkọ̀ ẹlẹ́mìí sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi dàgbà tó èyí tó lè gbé ẹrù. Awọ rẹ̀ yi bí èèpo igi, eegun ni táyà rẹ̀, omi ìrèké ló sì ń mu dípò epo. Súpánà ni Fẹ́hìntọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ọkọ̀ onírin nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́mìí gbòde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òun jókòó ti àwọn ọkọ̀ náà, ó kọ́ ìtọ́jú wọn.

"Màmá, ẹ gbà mí," ni Láoyè wí. "Àwọn ará oko ti kó tòmátì sílẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí."

Kí Fẹ́hìntọ́lá tó dáhùn, Dókítà Ṣọbọ́wálé láti ilé ìhùkọ̀ ti balẹ̀, ó ń tú ìyẹ́ àgbékọ́ tó fi fò wá kúrò léjìká. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́mìí bá ń ṣàìsàn, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń ránṣẹ́ pe dókítà ní ilé ìhùkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà yìí, aṣọ funfun rẹ̀ kò ní àbàwọ́n kankan. Ó gbé awò-inú, ohun èlò tó ń fi ohun tó wà lábẹ́ awọ hàn, síkùn Àbẹ̀ní.

"Kókó ni," ni ó wí, ó sì yọ ọ̀bẹ. "Ó tóbi tó àgbá. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ sún sẹ́yìn. Bí n kò bá gé e kúrò báyìí, ọkọ̀ yìí á kú."

Fẹ́hìntọ́lá kò sún. Ó mú sukudiráfà gígùn kan, ó fi ẹnu irin náà kan ikùn ọkọ̀, ó fi èèkù rẹ̀ sétí, bí ó ti máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì láyé àtijọ́. Ó gbọ́ ọkàn kan tó ń lù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, òmíràn ń lù kìkìkìkì.

"Ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn pamọ́, Dókítà. Ó lóyún ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọkọ̀ kì í lóyún. Àwa la ṣe wọ́n, a sì ti ilé-ọmọ wọn pa kí wọ́n tó kúrò nínú omi."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ sọ fún Àbẹ̀ní?"

"Awò-inú kì í parọ́, Màmá!"

"Ta ló ní ó parọ́? Ó rí i, kò kàn mọ orúkọ tó ń jẹ́ ni."

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni Àbẹ̀ní ti gbọ̀n rìrì. Omi tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, táyà kékeré kan yọjú, ó há síbẹ̀. Èémí Àbẹ̀ní bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Dókítà ṣì dúró tọ̀bẹ tọ̀bẹ.

"Ju nǹkan yẹn sílẹ̀, ọmọ yìí, wá bá mi dì í mú!" ni Fẹ́hìntọ́lá kígbe. "Láoyè, jáàkì!"

Wọ́n fi jáàkì gbé ìdí Àbẹ̀ní sókè. Fẹ́hìntọ́lá fi gíríìsì pa ọwọ́ dé ìgúnpá, ó ki ọwọ́ bọ inú. Láoyè lọ kúnlẹ̀ níbi orí.

"Àbẹ̀ní, rántí òkè Adó-Àwáyè tí a gùn lọ́jọ́ òjò. Ìwọ lo gbé mi débẹ̀. Mí, jọ̀ọ́. Mí."

Ó mí. Wọ́n fa táyà kékeré náà. Ọmọ náà yọ̀ jáde, ó gbá Dókítà lulẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e láyà. Kò tóbi ju bárò lọ, táyà rẹ̀ rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ó la ẹnu, ó fọn fèrè tín-ín-rín kan. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, àti Dókítà tó wà nínú gíríìsì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà dìde, tó tún gbé awò-inú sára ìyá, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó kọjú sí Láoyè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Eegun táyà rẹ̀ ló yọ́ di ti ọmọ. Kò ní í rìn mọ́ láé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a hù. Ìdí nìyẹn tí a fi ti ilé-ọmọ wọn pa." Ó wo ilẹ̀. "A kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọdún mọ́kànlá ni Láoyè àti Àbẹ̀ní ti jọ wà lójú ọ̀nà. Láoyè fọwọ́ tẹ ọ̀kan nínú táyà Àbẹ̀ní, táyà náà wọlé bí búrẹ́dì tí a rẹ sómi.

"Ṣé ó ń dùn ún?"

"Rárá."

"Ọmọ ńkọ́? Ìgbà wo ni yóò tó gbé ẹrù?"

"Yóò gba ọdún mẹ́ta."

Láoyè nu ojú. Fẹ́hìntọ́lá gbé omi ìrèké síwájú Àbẹ̀ní.

"Ibòji ṣọ́ọ̀bù mi gba àwọn méjèèjì," ni ó wí. "Ó sì gba ìwọ náà. Ẹni tó lè bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí ó mí, iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ níbí."

Nígbà tí àwọn ará oko wá Láoyè dé ibẹ̀, wọ́n kí Àbẹ̀ní kú ewu ọmọ. Lẹ́yìn náà, Láoyè gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan rù láti sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí Àbẹ̀ní fi fọn fèrè kan tó gùn, tó sì ń ró lọ réré.

Láoyè yí padà tòun ti ẹrù lórí. "Mò ń bọ̀ o! Ẹsẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ fi gbé ẹrù tòní!"

Kí ó tó wí tán, ọmọ náà ti yí gbirigbiri jáde kúrò nínú ibòji, ó ń tẹ̀ lé e lọ lórí táyà rírọ̀. Fẹ́hìntọ́lá ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sá tẹ̀ lé e.