Ọjọ́ Tí Màmá Kò Bú Nọ́ọ̀sì

Ìrọ̀rí mẹ́ta ni káfíńtà kan kó sábẹ́ orí ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn, àgbọ̀n ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé. Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nírun ọkùnrin náà, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀ gbangba. Nọ́ọ̀sì fẹ́ bínú, àánú ni kò jẹ́.

"Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ ká màmá lọ́rùn kò báyìí?"

"Mo fẹ́ kí ara tù wọ́n ni."

"Ẹni tó bá forí ṣèṣe, orí ibùsùn la máa ń gbé sókè. Ọrùn á wà ní títọ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn kúrò lórí. Agbárí kì í fẹ̀. Tí nǹkan bá wú nínú ẹ̀, ọpọlọ ló máa há mọ́."

Orí àpótí ni màmá ti já bọ́ níbi tó ti ń fi kọ́tìnnì kọ́. Irin tí wọ́n fi ń gbé orí ibùsùn sókè sì ti bàjẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa padà dé lọ́jọ́ kejì, káfíńtà ti gbẹ́ ìtì igi méjì, ó sì ti fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn náà níhà orí.

"Igi yín mọ̀ ọ́n dúró o," nọ́ọ̀sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èmi náà mọ̀ ọ́n dúró, tí ẹ bá ní kí n dúró."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Wàhálà ni pé wákàtí-wákàtí ni nọ́ọ̀sì ń jí màmá láti mọ̀ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Á béèrè orúkọ rẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, á ní, "Màmá, ẹ di ọwọ́ mi mú pinpin."

Èébú ni màmá fi ń dáhùn. "Ṣé oorun mi lo ń tà jẹ ni? Oníyọnu!"

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un, màmá fárígá. "Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn yìí? Kò ní wọ ilé mi!"

Ó dun àwọn méjèèjì wọra. Màmá nìkan ló dá tọ́ ọmọ náà dàgbà, kò sì lè tàpá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá ní orí ń fọ́ òun, ó sì bì. Nọ́ọ̀sì jí i. Màmá rọra lajú, ó fi ohùn wúyẹ́wúyẹ́ sọ pé, "O ṣé, ọmọ mi."

Káfíńtà fò sókè. "Ẹ gbọ́ bí? Màmá ti gbà fún wa! Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn."

"Rárá o. Màmá ò bú mi!"

Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Dúdú ojú kan ti fẹ̀ ju èkejì lọ, iná kò sì mú un súnkì. Ọwọ́ tó yẹ kó dì í mú rọ jọwọrọ. Ó to ọrùn màmá tọ́, ó fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú, ó fi igbe pe dókítà. Kíá ni wọ́n gbé màmá lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀jẹ̀ ló ti dì sábẹ́ agbárí. Dókítà ní ká ní wọ́n jẹ́ kó sùn lọ ni, oorun àsùn-ùn-jí ni ì bá jẹ́.

Nígbà tí màmá tún lajú, nọ́ọ̀sì ló rí.

"Ìwọ tún ni? Gbé iná burúkú yẹn kúrò lójú mi!"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún ayọ̀. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu imú. Inú wọn dùn sí èébú náà ju àdúrà lọ.

Lọ́jọ́ tí màmá máa padà sílé, wọ́n ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fa ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ó fa ti ọmọ rẹ̀, ó pa wọ́n pọ̀.

"Ó lè wọ ilé mi. Àmọ́ kó fi tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ níbiṣẹ́." Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó yá, ẹ di ọwọ́ ara yín mú. Pinpin, mo ní!"