Mẹ́jọ Nínú Mẹ́wàá

Orí rédíò ni Mosúnmọ́lá ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Bọ́dúnrìn, ohùn náà sì bí i nínú. Bọ́dúnrìn ni atọ́kùn ètò àárọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń fẹnu dídùn sọ pé ìwádìí fi hàn pé mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá ló kórìíra ìṣirò. Olùkọ́ ìṣirò sì ni Mosúnmọ́lá! Ó bá pe nọ́ńbà wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mélòó ni wọ́n bi? Níbo? Ta ló bi wọ́n?"

Bọ́dúnrìn ń kólòlò. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ara rẹ̀ dé ẹnu géètì ilé ìwé.

"Àǹtí, ẹ wá kọ́ mi o."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Bọ́dúnrìn kì í ka ìròyìn kankan mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè pé àwọn wo ni wọ́n bi. Inú Mosúnmọ́lá ń dùn ṣáá. Ọdún mẹ́rin ló fi ju Bọ́dúnrìn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ìyá Bọ́dúnrìn ló yarí. "Ẹni tó yẹ kó o máa pè ní ẹ̀gbọ́n lo fẹ́ gbé níyàwó? Kò jọ ọ́!"

"Fi màámi sílẹ̀ fún mi, ayọ̀ mi," ni Bọ́dúnrìn wí fún Mosúnmọ́lá.

Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Àfi láàárọ̀ Sátidé kan tó ń rẹ gààrí, tí rédíò ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìwádìí tuntun fi hàn pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọmọ Ìjẹ̀bú ló ní kò yẹ kí ọkùnrin fẹ́ obìnrin tó jù ú lọ."

Ohùn Bọ́dúnrìn ni. Mosúnmọ́lá bá tẹ nọ́ńbà wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni mélòó ni wọ́n bi? Níbo?"

Wọ́n já fóònù mọ́ ọn létí, wọ́n fi orin sí i.

Nírọ̀lẹ́, Bọ́dúnrìn dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi ló ní kí n kà á. Wọ́n ní tí ẹbí bá ti gbọ́ ọ lórí rédíò, kò ní jọ pé èmi ni mo kọ̀ ọ́."

"Ta lẹ bi?"

"Ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ màámi ni, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Àwọn tó wá."

"Ẹgbẹ́ ìyá rẹ nìkan ni gbogbo Ìjẹ̀bú? O sì mọ̀ pé kò tọ́ nígbà tó ò ń kà á!"

"Mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mosúnmọ́lá wọra. Ká ní kò mọ̀ ni, ì bá dárí jì í. Àṣé òun ló kọ́ ọ tán kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́!

"Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá sípàdé?"

"Mẹ́sàn-án ló wá."

"Ta wá ni ẹnì kẹwàá?"

Bọ́dúnrìn tẹjú mọ́lẹ̀. "Èmi ni."

"Àwọn mẹ́jọ ńkọ́, o wà lára wọn?"

"Màámi jókòó tì mí, olólùfẹ́ mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Mosúnmọ́lá wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.