Oorun Senka

Ẹja ni mo ń lọ rà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Vidoje, ọmọ àbúrò mi, ló ń wa bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an lèmi Zagorka sì máa ń jókòó sí, kí n lè máa bá a wí bó bá sáré jù. Bí a ti dé iwájú ilé búrẹ́dì, ọmọbìnrin kan wọlé, ìyẹ̀fun wà nínú irun rẹ̀. Ó forí ti fèrèsé, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Ó kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. A dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, kò mọ̀. Vidoje dìde, ó dúró tì í, kò mọ ibi tí ì bá fọwọ́ kàn.

"Arábìnrin. Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, a ti dé òpin."

Ó lajú. "Òpin kí ni?"

"Òpin ọ̀nà ni o, kì í ṣe òpin ayé."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì tún lé ròrò sí i lójú. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ̀rín àti ẹkún rẹ̀ kì í jìnnà síra wọn. Vidoje ní kó jókòó, òun á gbé e padà. Láti ọjọ́ náà, bí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ ilé Senka, orúkọ ọmọbìnrin náà nìyẹn, awakọ̀ wa á ké pé, "Oníbúrẹ́dì, ilé rè é o!" Gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Mo ti wo ojú ọmọkùnrin yẹn nínú dígí, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ń jáde lálẹ́, Senka ń lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí Vidoje bá ṣíwọ́ lọ́sàn-án, Senka wà lórí ibùsùn. Á fi kúbùsù dúdú bo fèrèsé, á pa fóònù, á lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má kàn án. Síbẹ̀ aládùúgbò kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri, ajá kan á máa gbó. Oúnjẹ alẹ́ ló ń jẹ láàárọ̀, ó sì gbàgbé ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ pátápátá. Bí Vidoje bá mú un lọ sétí odò lọ́jọ́ ìsinmi, èjìká rẹ̀ ló ń sùn lé.

"Ṣé inú kì í bí ẹ pé mo máa ń sùn?"

"Olólùfẹ́ mi, bó o bá ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ṣáà mọ ibi tó o wà."

Ìyá Vidoje ló fárígá. Darinka, ìyàwó àbúrò mi, ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àmọ́ "ìyàwó" ni mo ṣì ń pè é.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ná. Obìnrin tí kì í sunlé! Ojúmọmọ ló ń sùn bí òwìwí. Ta ni yóò se ọbẹ̀ fọ́mọ mi?"

"Ìyàwó, ta lo rò pé ó ń ṣe búrẹ́dì gbígbóná tí ò ń jẹ láàárọ̀? Áńgẹ́lì?"

Ó ní òun ò bá mi ṣeré. Ó sọ fún Vidoje pé kí Senka fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, àbí kó fi òun Vidoje sílẹ̀. Èsì lòun fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ Nikola Mímọ́, tó ń ṣọ́ ìdílé wa.

"Mo fẹ́ràn rẹ," Senka dá Vidoje lóhùn nígbà tó sọ fún un, "àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ, màá máa kórìíra ìyá rẹ títí ayé. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá. Ṣáà wá lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó rí ẹ."

Lọ́jọ́ Nikola Mímọ́, a kì í pe àlejò, àlejò ló mọ̀nà ara rẹ̀. Onílé kì í sì í jókòó títí àlejò ìkẹyìn á fi lọ. Senka gba ibi iṣẹ́ wá tààrà, ó gbé búrẹ́dì ọlọ́nà tó ṣe fúnra rẹ̀ dání, ẹyẹlé àti èso àjàrà wà lórí rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé abọ́ àlìkámà oníṣúgà síwájú àlejò, kí kálukú bu ṣíbí kan. Darinka ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì, kò rí àṣìṣe kankan. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kó kó ẹ̀wù òtútù àwọn èèyàn lọ sí yàrá.

Senka lọ, kò padà.

"Ìyàwó tuntun dà?" Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Kéèyàn kúrò nílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ láìdágbére, àfojúdi ńlá ni.

"Ẹ wá wò ó o, Àǹtí! Ó ti sá lọ! Níwájú àbẹ́là ẹni mímọ́!"

Vidoje sáré jáde nínú yìnyín láìwọ ẹ̀wù òtútù, ó dé ibùdókọ̀, ó padà. "Kò sí níbẹ̀." Ó fara ti ògiri, ó bojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn, torí mo mọ ohun tó ń rò: ó rò pé èsì tí ìyá òun ń bèèrè nìyẹn.

Bàbá arúgbó kan fẹ́ máa lọ, ó bèèrè ẹ̀wù rẹ̀. Darinka fúnra rẹ̀ lọ mú un, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀wù ti ga gègèrè lórí ibùsùn, gbogbo ẹni tó ń dé ló kàn ń ju tirẹ̀ lé e láìwò. Darinka mú ọ̀kan kúrò, ó mú òmíràn, ó rí ẹsẹ̀.

Senka ni. Oorun ti gbé e lọ, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di fìlà onífìlà mọ́ àyà.

Mo ti ń tọ́jú èsì ìjà sẹ́nu. Àfi bí ìka Darinka ṣe gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ sí ètè. Ó yíjú sáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

"Ẹ rọra! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Há! Mo mọ ohùn yẹn. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin òru ni Miloje àbúrò mi, ọkọ Darinka, ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀sán ló máa ń sùn. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni Darinka fi tọ́ Vidoje dàgbà. Òun ló ń ta aṣọ sójú fèrèsé, òun ló ń lé àkùkọ onílé kejì. Látìgbà tí a ti sin Miloje, ohùn yẹn kò ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ Senka. Ó fa aṣọ fèrèsé. Ó wá jókòó sétí ibùsùn, òun onílé, lọ́jọ́ tí onílé kì í jókòó, ó sì ń sunkún.

"Àǹtí, mo ti gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Kò sí àlejò tó rí ẹ̀wù mú títí Senka fi jí. Wọ́n padà sídìí ọtí, kò sẹ́ni tó ráhùn. Nígbà tó lajú tó rí Darinka, ẹ̀rù bà á.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Sùn sí i. Ẹja ṣì wà."

Nígbà tí òdòdó yọ, ìgbéyàwó dé. Ṣé ẹ máa gbà gbọ́ pé Senka ṣiṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ náà? Ẹnì kan ṣàìsàn níbi iṣẹ́, ó sì ní òun ò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe búrẹ́dì ìgbéyàwó òun. Àwa ará ilé ọkọ gbéra lọ mú ìyàwó, tàwa tafọnfèrè, bí àṣà wa. Bí a ṣe yà sí àdúgbò wọn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn afọnfèrè ti wú, Darinka já sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹni tó bá fọn fèrè níbí, èmi àti ẹ̀ ni! Ọmọ mi ń sùn."

La bá ń yọ́ rìn, fèrè lábẹ́ abíyá. Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé òkú lẹ fẹ́ lọ sin ni?"

"Ìgbéyàwó ni! Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Darinka dá a lóhùn.

A tò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Àlùfáà ránṣẹ́ pé òun ń retí wa, Darinka ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. A jókòó títí oòrùn fi mú. Nígbà tó yá, kúbùsù ojú fèrèsé mira, Senka yọrí, irun rẹ̀ rí wúruwùru.

"Yéè! Vidoje, ṣé mo ti pẹ́ jù ni?"

"Rárá o, olólùfẹ́ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Darinka nu ojú rẹ̀, ó kọjú sáwọn afọnfèrè.

"Ó yá," ló wí, "ẹ fọn ún."