Òfin Tí Ẹgbẹ́ Méjèèjì Kọ̀ Sílẹ̀

Zakariyah la kùmọ̀ mọ́ Kúlúsúmù, àbúrò bàbá rẹ̀, lórí, lẹ́yìn náà ó dáná sun pápá Alájùẹ, abúlé kan ní Ẹdẹ.

Ọdún náà ni ìjọba ológun gba ẹgbẹ́ òṣèlú méjì láyè láti du ipò káńsù ní Ẹdẹ. Oúnjẹ ti wọ́n, owó náírà kò níye lórí mọ́, ojú ọjọ́ pàápàá ti yí padà: òjò ń pẹ́ kí ó tó rọ̀, iṣu ń gbẹ sínú ebè. Ẹgbẹ́ méjèèjì ṣèlérí òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sun igbó mọ́ nígbà ọyẹ́. Kúlúsúmù, tí ó ń gbin iṣu, ni ó kó àwọn obìnrin Alájùẹ lọ gba ìlérí náà lẹ́nu wọn.

Àwọn ọdẹ, tí wọ́n ń fi iná lé ẹran jáde nínú igbó, kò gbà. Gbangba ni wọ́n ti ń dìbò, olúkúlùkù a tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí ó fẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dárúkọ òfin náà kò ní rí ọdẹ kankan lẹ́yìn àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ́ kìíní yẹ ìlérí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹgbẹ́ kejì ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtàndá, olùdíje ẹgbẹ́ kejì, pe Zakariyah àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọládòṣù. Àwọn méjèèjì ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

"Ẹ lọ dẹ ọ̀yà wá fún ìpàdé wa. Ẹ sun pápá, kí gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí òfin. Bí mo bá wọlé, iṣẹ́ káńsù ń dúró dè yín."

"Bí wọ́n bá mú wa ńkọ́, bàbá?" ni Zakariyah bi í.

"Ta ni yóò mú yín nígbà tí mo wà láyé?"

Kúlúsúmù bá wọn létí pápá. "Àwọn bàbá yín kì í dáná sun pápá láìkọ́kọ́ ro ilẹ̀ yí i ká kí iná má bàa kọjá. Níbo lẹ ro?"

Wọn kò ro ibì kankan. Wọ́n ń kánjú.

"Ìyá olófin dé," ni Ọládòṣù wí. "Ẹ lọ ka òfin yín fún ọ̀yà."

Zakariyah rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ kúrò lọ́nà."

"N kò kúrò. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́ dàgbà."

"Zakariyah, ṣé kí n sọ fún Àtàndá pé ìyá arúgbó ló lé ọ?" ni Ọládòṣù bi í.

Zakariyah la kùmọ̀ mọ́ Kúlúsúmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó fàyà wọ́ dé ojú ọ̀nà. Zakariyah ṣáná sí koríko.

Ọládòṣù ti wọ inú pápá lọ láti dènà de ọ̀yà. Atẹ́gùn ọyẹ́ gbé iná yí i ká. Ó ń pe Zakariyah títí ohùn rẹ̀ fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Kò sí oògùn, kò sí òwú ní ilé ìwòsàn; wọ́n ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ lọ rà á wá. Ó kú kí wọ́n tó padà dé.

Iná jó abà iṣu Alájùẹ run. Àwọn àgbẹ̀ lu Zakariyah títí apá rẹ̀ fi kán. Àwọn sójà gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì nà án ní kòbókò kí wọ́n tó fà á fún ọlọ́pàá. Ó dárúkọ Àtàndá. Wọ́n ránṣẹ́ pè é.

"N kò mọ ọmọ yìí rí," ni Àtàndá wí. "Ẹgbẹ́ wa kò fara mọ́ igbó sísun."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Olóṣèlú lè yẹ ìlérí kí ó sì máa lọ. Ọwọ́ tí ó gbé kùmọ̀ ni yóò jẹ́jọ́.

Àtàndá wọlé. Kò sí ẹni tó dárúkọ òfin náà mọ́. Kúlúsúmù kò fi ojú òsì ríran mọ́. Ní ọjọ́ tí àwọn akẹgbẹ́ Zakariyah ní ilé ìwé jókòó ṣe ìdánwò, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó wà.